Ẹni Tó Dá Rìn Létí Òkun

Ọ̀rọ̀ ìrìn ẹsẹ̀ ni mo gbé wá lálẹ́ òní. Kì í ṣe ìrìn láti ilé dé ọjà, kì í sì í ṣe irú èyí tí à ń rìn nígbà tí ọkọ̀ bá há sójú títì láàárín Ìyànà Ìbà sí Ìgándò, tí oníkálukú bá sọ̀kalẹ̀ tí ó gbé ẹrù rẹ̀ lérí. Ìrìn tí mo ń wí ni ti ẹni tí ó di àgọ́ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, tí ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ìyá ti ń pọn ọmọ, tí ó sì dá rìn létí òkun fún ọjọ́ mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọjà tí ó ń lọ ná. Kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà tó ń gbọ́ mi yóò wí. Wọn yóò ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Wọn yóò béèrè pé kí ló dé tí ẹni tí orí rẹ̀ pé yóò fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò lọ máa sùn sínú ìrì lẹ́bàá àpáta. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni pé ẹni tí ó dá rìn yàtọ̀ sí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó wà. Àwọn méjèèjì lè gba ọ̀nà kan náà lọ, kí ẹsẹ̀ wọn sì yọ̀ lórí òkúta kan náà; ọ̀kan ni wọn yóò wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo etíkun tiwa. Àwa ará Ìgándò kò jìnnà sí òkun tó bí a ti rò. Bí ẹ bá gba títì lọ sí Ìyànà Ìbà, tí ẹ kọjá sí apá Ọ̀jọ́, omi ọ̀sà ni ẹ ó bá níwájú. Lódìkejì ọ̀sà náà ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan wà, lẹ́yìn iyanrìn náà, òkun ló kù. Ilẹ̀ tóóró yìí bẹ̀rẹ̀ láti Tarkwa Bay, lẹ́bàá ẹnu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó, ó nà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó kọjá Ìlàṣẹ, ó kọjá iwájú Àgbádárìgì, ó sì wọ ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀. Kò sí odò kan tí ó gé e láàárín Èkó sí ibodè. Òkun ní ọwọ́ òsì, igi àgbọn ní ọwọ́ ọ̀tún, iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń lọ sí Àgbádárìgì yóò máa rí i.

Ẹni tí ó bá ń fi ojú ṣọ́nà níbẹ̀ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tí ìwé kò lè fi hàn án bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni ìjọba kó òkúta ńláńlá sínú òkun ní ẹnu Èkó, wọ́n fi ṣe ògiri gígùn sínú omi, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfẹnu gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun wa máa ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá iyanrìn dúró. Etíkun apá ìwọ̀-oòrùn bá ń fẹ̀ sí i, ti apá ìlà-oòrùn, tí a ń pè ní Bar Beach nígbà náà, ebi iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, títí a fi mọ odi òkúta mìíràn síbẹ̀ ní ọ̀rúndún yìí, tí wọ́n sì da iyanrìn sẹ́yìn rẹ̀ láti tẹ Eko Atlantic dó. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ni ẹsẹ̀ lè kọ́ ojú.

Ṣùgbọ́n ìgbì wa le. Omi tí ìgbì ti gbé wá sí èbúté máa ń wá ọ̀nà padà. Á ṣa ara rẹ̀ jọ sí ojú kan, á sì wọ́ ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ lọ sínú ibú. Ẹni tí ó bá bọ́ sínú irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a jà. Kí ó máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní títò lẹ́bàá etíkun, títí yóò fi jáde nínú ìṣàn náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iyanrìn rírọ̀ máa ń yára tán ènìyàn lókun, kò sí àmì ọ̀nà níbẹ̀, kò sì sí ibùsọ̀ tí a ṣe fún arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti sọ irú ìrìn yìí di ohun tí a ṣètò, tí àmì àti òfin wà fún un, ó di dandan kí a kọjá òkun.

Ọkùnrin kan wà tí ó so Àgbádárìgì mọ́ ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Richard Lander. Ìlú Truro ni a bí i sí ní ọdún 1804, ní Cornwall, èyíinì ni ìkángun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkun ti yí ilẹ̀ ká bí omi ti ń yí ẹsẹ̀ apẹja ká. Ó tẹ̀lé Clapperton dé Àgbádárìgì ní òpin ọdún 1825 gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì la ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí òkè Ọya. Àìsàn pa àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1827, Clapperton fúnra rẹ̀ kú ní tòsí Sókótó, Lander nìkan ló kù, ọmọ ọdún 23. Ó kọjú sí òkun, ó sì dé Àgbádárìgì ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé ṣe ni ó dá rìn. N kò fara mọ́ ọn. Ọkùnrin Hausa kan tí à ń pè ní Pascoe bá a bọ̀, ó ń bá a gbọ́ èdè, ó sì ń bá a wá ọ̀nà. Ohun tó tún yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé ibi tí ó rò pé òun ti gúnlẹ̀ ni ikú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú tó wà ní Àgbádárìgì sọ fún àwọn aláṣẹ pé amí ni, wọ́n sì fún un ní májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, ó yára sáré lọ bì í, ó sì yè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1828 ni ọkọ̀ òkun kan tó wá gbé e. Síbẹ̀ ó tún padà wá sí Àgbádárìgì ní ọdún 1830, òun àti àbúrò rẹ̀ John, àwọn ni wọ́n sì fi han àwọn ará Yúróòpù ibi tí Odò Ọya ti wọ inú òkun. Òpó gíga kan wà ní Truro títí di òní tí ère rẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

Yíká ilẹ̀ Cornwall tí ó ti wá yìí ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tí mo ń sọ gbà kọjá. South West Coast Path ni orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Minehead, ó tọ etí òkun yí Devon àti Cornwall po, ó sì parí sí ẹnu èbúté Poole. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 630, èyíinì ni kìlómítà 1,014. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú títì láti Èkó dé Kánò. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò lò tó ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń rìn ín ni ó ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún tó ń bọ̀.

Ta ló la ọ̀nà náà? Àwọn onífàyàwọ́ ló fà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ó ti rí nìyẹn. Ní ayé àtijọ́, àwọn ènìyàn etíkun yẹn máa ń fi òru kó ọtí, tábà àti ewé tíì wọlé láìsan owó ibodè. Ìjọba fi ẹ̀ṣọ́ sí etí òkun, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹ̀ṣọ́ náà máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé iná ojú òkun kan dé òmíràn, kí ó máa yọjú wo gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ kékeré lè fara pamọ́ sí. Nítorí èyí ni ọ̀nà náà kò fi yà sí ilẹ̀ tẹ́jú rárá. Bí àpáta bá gòkè, yóò gòkè; bí ó bá sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì, yóò bá a sọ̀kalẹ̀. Bí a bá ro gbogbo gígòkè rẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan bí mítà 35,000 ni, bí ẹni gun òkè Everest nígbà mẹ́rin láti etí òkun. Láàárín Hartland Quay sí Bude nìkan, tí kò ju nǹkan bí máìlì 15 lọ, àfonífojì odò mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ gòkè, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Àwọn tó mọ ọ̀nà náà sábà máa ń sọ pé ibẹ̀ ló le jù.

Àmì ọ̀nà náà ni àwòrán èso igi óákù tí a fín sára òpó. Ní ẹnu àwọn odò ńlá, bí ti Padstow, Falmouth àti Salcombe, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló ń gbé èrò kọjá.

Ọ̀rọ̀ ẹrù wá kàn. Ìyá tí ó ń ru agbọ̀n gàrí mọ̀ pé bí òṣùká kò bá dára, ọrùn yóò sanwó rẹ̀. Bákan náà ni àpò ẹ̀yìn. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sábà máa ń gbani nímọ̀ràn ni pé kí ẹrù náà má ṣe ju ìdámárùn-ún ìwọ̀n ara ẹni lọ. Ẹni tí ó bá wọn kílò 70, kí ẹrù rẹ̀ má ju kílò 14 lọ, tòun ti omi àti oúnjẹ. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹfà, ẹ ṣírò tiyín. Ohun tó bá wúwo jù ni kí a tò sún mọ́ ẹ̀yìn, kí a sì di bẹ́líìtì àpò náà mọ́ ìbàdí dáadáa, nítorí ìbàdí ló yẹ kí ó gbé ẹrù, kì í ṣe èjìká. Ẹsẹ̀ ni ohun kejì. Bàtà tuntun kọ́ la ń gbé lọ sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni. Bí ojú kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú ìbọ̀sẹ̀, kí ènìyàn dúró níbẹ̀ náà, kí ó fi bándéèjì bò ó, nítorí bí ó bá lé ròrò tán, ìrìn ọjọ́ kejì ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá fúyẹ́ bí òwú, tí bàtà sì dára, ẹni tí kò mọ aago òkun kò tíì múra. Aago òkun, mo tún un wí. Omi òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti ìgbà tí ó bá kún tán dé ìgbà tí ó bá fà tán, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 12 ni. Òṣùpá ló ń fà á ní pàtàkì, oòrùn ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí pé òṣùpá fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan, aago yìí máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù tuntun bá yọ, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá a para pọ̀ fà á, omi a kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, a sì fà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní Èkó níhìn-ín, ìyàtọ̀ àárín ìkún àti ìfà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa kò fi kà á sí. Ní Minehead, níbi tí ọ̀nà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó lè tó nǹkan bíi mítà 10. Ẹ fojú inú wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta: láàárọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, lọ́sàn-án omi ti dé òrùlé. Ẹni tí ó bá gba abẹ́ àpáta kọjá nígbà tí iyanrìn gbẹ, tí ó jókòó jẹun, tí ó sì sùn díẹ̀, lè jí kí ó bá omi níwájú, omi lẹ́yìn, àpáta gbọn-in lókè orí rẹ̀. Omi náà kì í pariwo bọ̀. Ó kàn ń wọlé ni.

Ibì kan wà ní Devon tí ẹ̀kọ́ yìí ti hàn kedere. Odò Erme ni wọ́n ń pè é. Ní ẹnu rẹ̀, kò sí afárá, kò sí ọkọ̀ tí ń gbé èrò kọjá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ ọ. Wákàtí kan ṣáájú kí omi tó fà tán, àti wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, àyè rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí òjò bá sì ti rọ̀ púpọ̀ lókè odò, kò sí àyè rárá. Jẹ́ kí a ní omi yóò fà tán ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Láti aago mẹ́sàn-án dé aago mọ́kànlá ni arìnrìn-àjò lè bọ́ bàtà, kí ó sì wọ́ ọ. Bí ó bá dé ní aago méjìlá ńkọ́? Kí ó jókòó dúró de alẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ òru, tí ojú kò ní ríran. Tàbí kí ó sùn di ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tàbí kí ó yí gba òkè lọ wá afárá, ọ̀pọ̀ máìlì. Ẹni tí ó dá wà, tí kò sí ẹnìkejì tí yóò di apá rẹ̀ mú, tí ó sì ń kánjú, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ yóò ti máa sọ fún un pé omi náà kò tíì jìn jù. Ó yẹ kí ó ti pinnu láti ilé ohun tí yóò ṣe bí ó bá pẹ́ dé.

Ìwé wà tí a tẹ wákàtí ìkún àti ìfà omi sí fún gbogbo èbúté, ọdún kan gbáko. Owó díẹ̀ ni. Òmíràn tún wà lórí fóònù.

Òkè àpáta náà ní ewu tirẹ̀. Lẹ́yìn òjò, bèbè rẹ̀ máa ń já lulẹ̀, pàápàá ní Devon àti Dorset, tó fi jẹ́ pé wọ́n ti ní láti yí ọ̀nà náà padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Atẹ́gùn lè gbá àpò ẹ̀yìn mú bí ìgbòkun ọkọ̀. Kí a jìnnà sí etí bèbè, ó tán. Ní ti oorun, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ènìyàn kàn pa àgọ́ sí ilẹ̀ onílẹ̀ láìtọrọ àyè. Ẹni tí ó ní oko ni a ó lọ bá, tàbí kí a sùn sí ọgbà tí a yà sọ́tọ̀ fún àgọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá rin etíkun tiwa náà, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà kí ó tó tú ẹrù.

Mo wá padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ń bá mi jà lọ́kàn wọn. Ní Ìlú Ọba, ní ọdún 2019, obìnrin kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, Rhiane Fatinikun, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Black Girls Hike, kí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lè máa jọ rìn lórí òkè àti ní pápá. Ìrìn àjọrìn ni tiwọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ẹni tí kò bá tíì bá àwọn tó mọ̀nà rìn kò yẹ kó máa dá rìn. Ọmọ ilé-ìwé kò sì gbọdọ̀ dán an wò rárá. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Àgbàlagbà tí ó bá sì ti kọ́ ọ, tí ó wá fẹ́ dá lọ, ìwé kan wà tí yóò kọ sílẹ̀ fún ẹnì kan kí ó tó jáde. Kì í ṣe fún gbogbo ayé. Ẹnì kan tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá ìyàwó rẹ̀. Yóò kọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí i, ibi tí yóò sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ àpò rẹ̀ àti ti ẹ̀wù òjò rẹ̀. Yóò kọ wákàtí tí yóò máa fi fóònù pè lálaalẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò kọ ohun tí púpọ̀ ènìyàn ń gbàgbé: “Bí o kò bá gbúròó mi títí di aago báyìí, má dúró mọ́, ké sí àwọn agbanilà.” Bí kò bá kọ wákàtí yẹn, ẹni tó wà nílé yóò máa sọ pé bóyá fóònù rẹ̀ ti kú ni, bóyá kò sí nẹ́tíwọọ̀kì láàárín àpáta, ẹ jẹ́ ká dúró di àárọ̀. Òru kan nínú òtútù sì lè pa ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí ó bá yí ọ̀nà padà, kí ó sọ. Bí ó bá délé, kí ó sọ pẹ̀lú, kí wọ́n má baà máa wá ẹni tó ti ń jẹ ẹ̀bà.

Ní Ìlú Ọba, 999 ni wọn yóò tẹ̀, wọn yóò ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀ṣọ́ etí òkun. Ní Èkó níhìn-ín, 767 tàbí 112 ni. Arìnrìn-àjò náà fúnra rẹ̀ yóò so fèrè rẹfirí mọ́ àpò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni kí ó fọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ó tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹni tó bá mọ àmì náà yóò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ìdààmú. Ohùn a máa há, fèrè kì í há.

Ó ku iṣẹ́ fún ẹ̀yin ọmọ. Bí òbí tàbí olùkọ́ yín bá mú yín lọ sí èbúté CMS ní Marina, ẹ má sún mọ́ etí omi jù, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn òpó tó gbé èbúté náà dúró. Ẹ ó rí ojú ibi tí ó dúdú tí ó sì tutù, àti ojú ibi tí ó gbẹ lókè rẹ̀. Ẹ kọ wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí omi dé. Bí ẹ bá lè dúró fún wákàtí méjì, ẹ tún wò ó, kí ẹ kọ ọ́. Ẹ bi àwọn awakọ̀ ojú omi níbẹ̀ bóyá omi ń kún ni tàbí ó ń fà. Wọn yóò sọ fún yín láìwo ìwé kankan. Kí ẹ padà lọ ní ọjọ́ kejì ní wákàtí kan náà, kí ẹ wò ó bóyá omi dé ojú kan náà. Ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.